Ohun Tó Wà Lábẹ́ Kílítì Àna, àti Ẹni Tó Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Béèrè

Níbikíbi tí ọkùnrin kan bá ti wọ kílítì, aṣọ ìbílẹ̀ àwọn ọkùnrin Skọ́tílándì, dé, ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ bi í, nígbà mìíràn kí wọ́n tó bi í ní orúkọ rẹ̀ pàápàá: kí ni ó wọ̀ sí abẹ́ rẹ̀? Ní Iléṣà níbí, ìbéèrè náà ti di ohun tí à ń gbọ́ léraléra, nítorí pé àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó lọ kàwé tàbí tó lọ ṣiṣẹ́ ní Glasgow àti ní Edinburgh ń mú ọkọ bọ̀ wá sílé, àwọn ọkọ wọ̀nyí sì ń fẹ́ wọ aṣọ ìbílẹ̀ tiwọn síbi ìdána gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń wọ aṣọ òkè. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi kò sì jìnnà sí Àdétí, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí máa ń dé ọ̀dọ̀ mi láti ìhà méjì. Ìyá ìyàwó á fẹ́ kí n fi òun lọ́kàn balẹ̀ pé àna òun kò ní tú sí ìhòòhò lójú àgbà, àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó á sì fẹ́ kí n bá àwọn wádìí ohun tí kò kàn wọ́n. Ohun tí mo máa ń sọ fún ìyá ìyàwó ni pé kí ọkọ ọmọ wọn wọ nǹkan sábẹ́ aṣọ náà, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ni pé kí wọ́n dákẹ́.

Ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan kílítì rí máa ń rò pé síkẹ́ẹ̀tì ni. Kì í ṣe síkẹ́ẹ̀tì, ẹ má sì pè é bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tó ni ín. Aṣọ ọkùnrin ni, irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún, ó sì ní ìlà aláwọ̀ oríṣiríṣi tó ń dábùú ara wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní tartan. Èyí tó péye fún òde ńlá máa ń gba nǹkan bí yáàdì 8, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń ṣẹ́ ní pílíìtì sí ẹ̀yìn, nígbà tí iwájú rẹ̀ jẹ́ abala méjì tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ọ̀kan gun orí èkejì, tí wọ́n sì fi okùn awọ dè mọ́ ìbàdí. Kò ní àpò rárá, ìdí nìyẹn tí àpò awọ kékeré tí wọ́n ń pè ní sporran fi máa ń rọ̀ níwájú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé àárín orúnkún, kó má kọjá ibẹ̀, kó má sì kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi tí mo ń rán ṣòkòtò láti ọjọ́ pípẹ́, mo gba fún ẹni tó bá lè ṣẹ́ pílíìtì kílítì tó péye, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ẹ tí ìlà aṣọ náà yóò fi bára mu láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì bí ẹni pé wọn kò ṣẹ́ ẹ rárá.

Mo sọ gbogbo èyí nítorí pé ìwúwo aṣọ náà àti ibi tí pílíìtì rẹ̀ wà ni ó pinnu ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wọ̀ ọ́. Aṣọ tó nípọn tó bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn lásán kì í sábà gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń fẹ̀ bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ń yí po nínú ijó, ó máa ń gòkè bí ó bá tẹríba, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn tó bá le kò mọ ọ̀wọ̀. Ní 1997, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń múra láti dá Hong Kong padà fún Ṣáínà, atẹ́gùn gbé kílítì ọmọ ogun kan nínú Black Watch, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Skọ́tílándì, sókè níbi ayẹyẹ, ẹnìkan sì ya àwòrán rẹ̀. Gbogbo ayé ló rí i pé ọkùnrin náà kò wọ nǹkan kan.

Níbo ni àṣà àìwọ nǹkan kan yìí ti wá? Àwọn kan gbà pé òfin ìbílẹ̀ ni, pé ẹni tó bá wọ pátá sábẹ́ kílítì kì í ṣe ọmọ Skọ́tílándì gidi. Ìtàn kò tì wọ́n lẹ́yìn. Nígbà àtijọ́, aṣọ ńlá kan ni àwọn ará òkè Skọ́tílándì máa ń ró mọ́ra tí wọ́n á sì fi ìgbànú dè, tí apá òkè rẹ̀ lè di ìbora nígbà òtútù. Ẹ̀wù gígùn kan ni wọ́n máa ń wọ̀ sí abẹ́ rẹ̀, ẹ̀wù yẹn gan-an ni àwọ̀tẹ́lẹ̀ wọn. Ìgbà tí ọ̀rúndún kejìdínlógún bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tó ya apá ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀ tí ó fi di kílítì tí a mọ̀ lónìí. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun wọn lójú ogun ní Culloden ní 1746, wọ́n ṣòfin pé ọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ wọ aṣọ náà mọ́ ní òkè Skọ́tílándì: ẹ̀wọ̀n oṣù 6 fún ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ mú, ìgbèkùn ọdún 7 ní òkè òkun fún ẹni tí wọ́n bá mú lẹ́ẹ̀kejì. Òfin náà yọ àwọn ọmọ ogun ọba sílẹ̀. Ó di 1782 kí wọ́n tó pa òfin yẹn rẹ́, nítorí náà fún nǹkan bí ọdún 35 ni ó jẹ́ pé inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ni kílítì ti ń gbé ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Mo gbà pé ibẹ̀ ni àṣà náà ti fìdí múlẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ológun ni gbogbo ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ nípa rẹ̀, títí kan ti ọ̀gá tó ń fi dígí tó so mọ́ orí ọ̀pá yẹ abẹ́ àwọn ọmọ ogun wò kí wọ́n tó jáde sí ojú ìyíde.

Ọba wọn fúnra rẹ̀ kò tẹ̀lé e. Nígbà tí Ọba George Kẹrin bẹ Edinburgh wò ní 1822, tí òǹkọ̀wé Walter Scott sì ṣètò gbogbo ayẹyẹ náà fún un, ọba wọ kílítì, ṣùgbọ́n ó wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn aláwọ̀ ara sábẹ́ rẹ̀ títí dé ìbàdí, àwọn oníyẹ̀yẹ́ ìgbà náà sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀ gidigidi. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọmọ ogun tó wọ kílítì nínú kòtò jìyà: ẹrẹ̀ á gbẹ mọ́ etí aṣọ wọn títí yóò fi máa ya ẹ̀yìn orúnkún wọn, iná orí á kún inú pílíìtì, nígbà tí àwọn Jámánì sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo gáàsì mọ́sítádì ní 1917, awọ ara tí aṣọ kò bò ni gáàsì náà jó jù. Lóde òní, ilé ìyáṣọ ní Skọ́tílándì máa ń fẹ́ kí ẹni tó bá yá kílítì wọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀ nítorí ẹlòmíràn tí yóò tún un wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń jó ijó òkè Skọ́tílándì nínú ìdíje, tí ẹsẹ̀ wọn kì í kan ilẹ̀ pẹ́, gbọ́dọ̀ wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀. Ní 2010, olùdarí Scottish Tartans Authority, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ aṣọ tartan, sọ ọ́ ní gbangba pé ìwà ọmọdé ni kí ènìyàn má wọ nǹkan sábẹ́ kílítì, pé kò sì bá ìmọ́tótó mu. Inú bí àwọn kan sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọ aṣọ onírun àgùntàn mọ̀ pé òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ, nítorí pé aṣọ yẹn kì í ṣe ohun tí a lè kó sínú omi ọṣẹ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Iléṣà, nítorí pé ohun kan wà nínú ìdána tiwa tí kò sí nínú ìgbéyàwó tiwọn, òun náà ni ìdọ̀bálẹ̀. Ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò jó wọlé, wọn yóò sì na gbọọrọ sílẹ̀ níwájú àwọn òbí ìyàwó, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Alága ìjókòó tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sọ pé ìdọ̀bálẹ̀ náà kò tíì tẹ́, pé àyà kan kò kanlẹ̀, pé kí wọ́n tún un ṣe, nítorí pé bí wọ́n bá ṣe ń tún un ṣe ni owó ń wọlé. Gbogbo pílíìtì kílítì sì rèé, ẹ̀yìn ni wọ́n wà. Bí ọkùnrin náà bá ń nà sílẹ̀ lọ, ewu kékeré ni. Ìgbà tó bá ń dìde, tó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, tó sì gbé ìdí sókè kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìgbà náà ni etí aṣọ ń gòkè, lójú gbogbo àwọn tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lábẹ́ kánópì, tí fóònù wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá ní àṣà ológun ni òun ń tẹ̀lé ní irú ibẹ̀ yóò di ìtàn ní gbogbo àdúgbò kí ọbẹ̀ tó tutù.

Ìmọ̀ràn mi nípa ìdọ̀bálẹ̀ kò ṣòro. Kí ó fa àpò awọ iwájú yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá dùbúlẹ̀ lé e yóò mọ̀ ọ́n lára. Àwọn ará Skọ́tílándì náà máa ń yí i sí ẹ̀gbẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ jó. Kí ó kọ́kọ́ fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, kí ó fi ọwọ́ kan tẹ pílíìtì mọ́ ẹ̀yìn itan, lẹ́yìn náà kí ó tó nà. Bí ó bá fẹ́ dìde, kí ó fa orúnkún méjèèjì wá sábẹ́ ara rẹ̀ pa pọ̀, kí ó padà sórí ìkúnlẹ̀, kí ó tó dúró. Kí ẹnìkan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wọ agbádá dúró lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, nítorí pé agbádá tó fẹ̀ dáadáa lè dí ojú gbogbo họ́ọ̀lù. Ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n máa ń fi sí inú ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan ńkọ́? Kí ó fi sílẹ̀ nílé. A kì í mú ọ̀bẹ sára lọ dọ̀bálẹ̀ fún àna.

Bí ó bá fẹ́ jókòó, kí ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá pílíìtì sábẹ́ ìdí bí àwọn obìnrin ṣe ń ṣe síkẹ́ẹ̀tì, kí ó sì pa orúnkún pọ̀, tàbí kí ó jẹ́ kí àpò awọ yẹn sọ̀kalẹ̀ sí àárín itan kó tẹ aṣọ náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó wọ kílítì kò lè lóṣòó síwájú ilé onígbèsè bí àwọn bàbá wa Òṣómàáló ti ń ṣe nígbà tí wọ́n ń tajà aṣọ kiri. Aṣọ yẹn kò gba irú ìjókòó bẹ́ẹ̀.

Kí ni kí ó wá wọ̀ sábẹ́ rẹ̀? Ṣòkòtò péńpé tí a fi òwú rán, tó fara mọ́ ara láìfún un, tó dúró ní agbedeméjì itan. Kí àwọ̀ rẹ̀ dúdú tàbí kí ó bá àwọ̀ tó pọ̀ jù nínú kílítì náà lọ, aláwọ̀ ewé tó dúdú tàbí búlúù tó dúdú, nítorí pé funfun ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Kí ó má wọ náílọ́ọ̀nù rárá. Yáàdì 8 irun àgùntàn nínú ooru Iléṣà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, tí kì í bá ṣe àsìkò ọyẹ́. Òógùn yóò máa ṣàn ní itan, irun àgùntàn yóò sì máa họ ẹni tí kò ní òwú láàárín òun àti aṣọ. Kí bẹ́líìtì ṣòkòtò péńpé náà má ga tó ti kílítì, nítorí pé kílítì máa ń gòkè dé nǹkan bí ìdodo, ẹni tó bá sì fẹ́ lọ tọ̀ kò ní fẹ́ kí méjèèjì há ara wọn. Mo ti rán púpọ̀ irú èyí, kì í gba àkókò, kì í sì wọ́n.

Kílítì àǹkárá ló ń bà mí lẹ́rù ju ti irun àgùntàn lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa, á ní àwọn fẹ́ wọ kílítì láti fi yẹ́ ọ̀rẹ́ àwọn sí, wọ́n á sì gbé àǹkárá yáàdì 6 wá. Àǹkárá fúyẹ́. Fáànù họ́ọ̀lù lásán lè gbé e, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àpò awọ tó wúwo tí yóò tẹ iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n rán an, mo máa ń rán ṣòkòtò péńpé mọ́ ọn nínú, ní ìbàdí, tó fi jẹ́ pé kò sí bí wọ́n ṣe lè wọ ọ̀kan láìwọ èkejì. Ọ̀dọ́kùnrin kan bá mi jiyàn lórí èyí, ó ní òun fẹ́ wọ̀ ọ́ bí àwọn onílé ṣe ń wọ̀ ọ́. Mo ní kí ó lọ rán an ní ibòmíràn, kí ó sì má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun mọ ṣọ́ọ̀bù mi.

Ó wá ku ìbéèrè náà fúnra rẹ̀. Láàárín àwọn ará Skọ́tílándì, àwàdà tó ti pẹ́ ni, wọ́n sì ní èsì tó ti wà nílẹ̀ fún un. Bí ẹnìkan bá bi wọ́n pé kí ló wà lábẹ́ kílítì, ọ̀pọ̀ á dáhùn pé bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ ni. Mo fẹ́ràn èsì yẹn púpọ̀: òótọ́ ni, kò sì sọ nǹkan kan. Ẹni tó gbọ́ ọ ti rẹ́rìn-ín, ó sì yẹ kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Ẹni tó bá tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì ni mo máa ń dá lẹ́bi, nítorí pé kì í ṣe àwàdà ló ń ṣe mọ́, ó ń fẹ́ mọ̀. Àwọn kan máa ń gbèjà ara wọn pé ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà. Òtítọ́ ni fún ẹni tó ń wá ọ̀nà. Ọ̀nà wo ni ẹni tó ń wádìí ìdí ọkọ ọlọ́kọ ń wá?

Ẹ gbé e sí ara yín wò. Bí àlejò kan láti òkè òkun bá dé ibi òkú àgbà ní ìdílé yín, tó sún mọ́ ẹ̀gbọ́n yín obìnrin tó ró aṣọ òkè, tó sì bi wọ́n lójú gbogbo ènìyàn pé ṣé ìlẹ̀kẹ̀ wà ní ìdí wọn àti pé mélòó ni, ta ni yóò gbà pé àwàdà ni? Bẹ́ẹ̀ gbogbo wa mọ̀ pé àwọn kan wà tó lè béèrè lọ́wọ́ wọn tí wọn yóò sì rẹ́rìn-ín, ìyẹn àwọn tí wọ́n jọ dàgbà, àwọn tí wọ́n jọ ń fọṣọ lódò, àti ọkọ wọn. Bí ó ṣe rí nìyí pẹ̀lú kílítì. Gbogbo aṣọ kọ́ ni à ń sá sí oòrùn. Ọ̀rẹ́ ọkọ tí wọ́n jọ ṣe kékeré lè bi í nínú yàrá tí wọ́n ti ń múra. Àwọn àbúrò ìyàwó, tó ti bá a ṣeré pẹ́ lórí fóònù kí ó tó dé, lè fi ṣe ẹ̀fẹ̀ bí òun fúnra rẹ̀ bá kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé tó dínà mọ́ ọn ní ẹnu ọ̀nà láti gba owó lè sọ gbogbo ohun mìíràn tí wọ́n bá fẹ́, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe tiwọn, pàápàá níbi tí ìyá ìyàwó bá ti lè gbọ́. Ẹ wo ipò tí ọkùnrin náà wà: bí ó bá dáhùn, ó ti sọ ìsọkúsọ lójú àna rẹ̀, bí ó bá dákẹ́, wọ́n á ní ó ń gbéra ga.

Alága ló yẹ kí a kìlọ̀ fún jù. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń wá ohun tí yóò pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ọkọ yóò wọ kílítì, ẹ bá alága sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ ní kó wá nǹkan mìíràn fi ṣẹ̀fẹ̀. Bí ó bá sì ti sọ ọ́ jáde ná, kí alága ìdúró, tó jẹ́ agbẹnusọ ìdílé ọkọ, gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, kí ó dáhùn pé bàtà ni, kí ó sì ní kí onílù lù.

Èmi tí iṣẹ́ mi gba kí n mọ̀ ńkọ́? Obìnrin ni mí, n kò sì lè dojú kọ ọkọ ọlọ́kọ kí n máa bi í ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Arákùnrin ìyàwó ni mo máa ń rán, mo sì máa ń fi ọ̀rọ̀ náà sí ẹnu rẹ̀ báyìí pé: “Ìyá télọ̀ ní kí n kí yín. Wọ́n ní nítorí ìdọ̀bálẹ̀, àwọn fẹ́ rán ṣòkòtò péńpé kan fún yín tí ẹ ó wọ̀ sábẹ́ kílítì. Wọ́n ní kí ẹ fún mi ní ìwọ̀n ìbàdí yín.” Ìbéèrè kò sí níbẹ̀ rárá. Ọkùnrin náà kò ní láti sọ ohun tó máa ń wọ̀ tàbí ohun tí kì í wọ̀, ìwọ̀n ìbàdí nìkan ni yóò fi ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn á tún dúpẹ́, nítorí pé wọ́n ti ń ronú lórí ìdọ̀bálẹ̀ náà láti ìgbà tí ìyàwó ti sọ fún wọn.

Ní ti ẹni tó bá fi ọwọ́ gbé e sókè láti fi ojú ara rẹ̀ rí i, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí. Ní 2017, ilé ọtí kan ní ìlú Inverness ní Skọ́tílándì ní kí àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yé wọ kílítì nítorí pé àwọn obìnrin tó ń wá mutí kò yé ti ọwọ́ bọ̀ wọ́n lábẹ́ aṣọ. Ní Skọ́tílándì, láti 2010 ni òfin ti ka yíya àwòrán abẹ́ aṣọ ẹlòmíràn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní England àti Wales, 2019 ni irú òfin bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì yọ ọkùnrin tó wọ kílítì sílẹ̀. Ọwọ́ àwọn ọmọdé tiwa náà yá ní ibi àríyá, nítorí náà kí àwọn ìyá dì wọ́n mú. Kí ẹ sì sọ fún ayàwòrán tí ẹ gbà síṣẹ́ pé iwájú ni kí ó dúró sí nígbà ìdọ̀bálẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ àga àwọn òbí ìyàwó, pé kí ó má ṣe gba ẹ̀yìn lọ títí tí ọkọ yóò fi dìde tán tí yóò sì ti tún aṣọ rẹ̀ ṣe.